Ọmọ mi ń wo fídíò kọ́ Scratch, ṣùgbọ́n kò lè dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀

Ìyá Tọ́pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá lórí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe Scratch lórí kọ̀ǹpútà, ètò tí ọmọdé ti ń to búlọ́ọ̀kù, ìyẹn àwọn àpótí kéékèèké tí àṣẹ wà lára wọn, láti fi ṣe géèmù. Á wo fídíò, á dá a dúró, á fa búlọ́ọ̀kù kan síbi tí wọ́n fà á sí, á jẹ́ kí fídíò tún máa lọ, títí géèmù náà á fi pé. Ó ti ṣe èyí tí ológbò ń wá ọ̀nà jáde láàárín ògiri, ó sì ti ṣe èyí tí apẹ̀rẹ̀ ń gbé ìràwọ̀ tó ń já bọ́ láti òkè. Inú mi dùn sí i gan-an.

Àmọ́ bí mo bá ní, "Ó yá, pa fídíò yẹn, ṣe ọ̀kan tó jẹ́ tìrẹ," ọmọ á kàn jókòó, á máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Á fa búlọ́ọ̀kù kan jáde, á dá a padà. Kò ní pẹ́ tí á fi ní ó ti sú òun. Mo bi í pé kí ni "forever" tó lò nínú géèmù ìràwọ̀ wà fún, ó ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí nínú fídíò."

Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní kí n gba Scratch kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé ohun ìṣeré lásán ni, kó bẹ̀rẹ̀ Python kíá, ìyẹn èdè kóòdù tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Èmi ò mọ kóòdù kankan, n ò sì fẹ́ ṣe ohun tó máa lé ọmọ sá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, náà ti ń bá a du kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò tíì lè kàwé dáadáa. Kí ni kí n ṣe fún àwọn méjèèjì?

Olùkọ́ Kóòdù

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ma.

Ohun tí ẹ rí yìí wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ń fi fídíò kọ́ ọ. Kì í ṣe Scratch ló fà á, kì í sì í ṣe pé ọpọlọ ọmọ kò gbé e. Ẹni inú fídíò ló ti pinnu gbogbo nǹkan: iye sprite tó máa wà, ìyẹn àwọn àwòrán tó ń rìn lójú ẹ̀rọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dúró sí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fara kanra. Ọwọ́ ọmọ nìkan ló ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá wá gbé ojú ìwé òfìfo síwájú rẹ̀, gbogbo ìpinnu yẹn á já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí bí kò ṣe ní dẹ́rù bà á.

Ohun kan wà láàárín méjèèjì tí fídíò kì í kọ́ni, òun ni kéèyàn mú iṣẹ́ tó ti pé, kó tú u wò, kó yí i padà. Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní kóòdù máa ń pín in sí ìpele mẹ́ta: kọ́kọ́ lò ó, lẹ́yìn náà tún un ṣe, lẹ́yìn náà dá tìrẹ ṣe. Láti ìpele kìíní ni ẹ ti ń fa ọmọ lọ sí ìkẹta.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ẹ ṣí géèmù ìràwọ̀ yẹn. Kí ẹ tó tẹ àsíá aláwọ̀ ewé tó ń mú géèmù bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ lé nọ́ńbà kan. Búlọ́ọ̀kù kan ló máa wà níbẹ̀ tó ń mú ìràwọ̀ já bọ́, bíi "change y by -5" (y ló ń sọ bí nǹkan ṣe ga tó lójú ẹ̀rọ). Ẹ bi í pé, bí a bá sọ -5 yìí di -20, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kó sọ ọ́ lẹ́nu ná kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti sọ èrò rẹ̀ jáde á fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á, ojú tó máa fi wo ìràwọ̀ yẹn á yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó yọ àmì ìyọkúrò kúrò níwájú 5. Ìràwọ̀ á kọrí sí òkè, á lọ lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé o. Ẹ ní kó ṣàlàyé fún yín. Pé ẹ ò mọ kóòdù wúlò púpọ̀ níbi tí a dé yìí, torí ọmọ mọ̀ pé ẹ ń béèrè lóòótọ́ ni, ẹ ò dán òun wò.

Ẹ má tíì sọ pé kó ṣe géèmù tuntun. Ẹ ní kó fi ohun kan ṣoṣo kún èyí tó wà nílẹ̀, bóyá òkúta tó ń yọ máàkì bí apẹ̀rẹ̀ bá gbé e.

Ìdòwú Python

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi dúró ti àbúrò ọkọ yín. Ọmọ ọdún 9 tó ń kàwé dáadáa lè kọ Python. Ẹ̀yà kan wà nínú Python tó ń jẹ́ turtle, ó ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, ẹ ò ní gba ohunkóhun mìíràn sórí ẹ̀rọ. Ìlà mẹ́ta péré, ọmọ á ti rí àwòrán tó ń yà fúnra rẹ̀.

Ìṣòro búlọ́ọ̀kù ni pé bí iṣẹ́ bá ti tóbi díẹ̀, ó máa ń dojú rú. Kóòdù sprite kan wà níbí, ti èkejì wà lọ́hùn-ún, ẹ máa ń tẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rí ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù lórí rẹ̀, á di ẹni tó ń bẹ̀rù kóòdù tí a fi ọwọ́ tẹ̀. Mo ti rí irú wọn.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ìdòwú, ẹ rọra o. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà tí ẹ ń sọ yẹn. Wọ́n gbé e sórí Python kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ju ìka kan lọ tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ mọ ohun tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe, ó lè sọ ọ́ fún èèyàn lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ó máa ń kọ "Print" pẹ̀lú P ńlá, ó máa ń gbàgbé àmì tó yẹ kó parí ìlà "if", tàbí kó fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ níbi tó yẹ kó fi mẹ́rin. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ ń kọ ọ̀rọ̀ pupa sí i lójú. Ẹkún ló fi pa kọ̀ǹpútà dé.

Búlọ́ọ̀kù ló tún fà á padà. Nígbà tó wọ ọdún 12, ó fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ gbìyànjú Python wò, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́, torí ó ti mọ ohun tó ń wá.

Kọ́lá

Ẹ lọ wo ti Code.org. Wọ́n ti to ìdánwò kéékèèké sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù náà ni, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ọmọ kò ní jókòó máa wo òfìfo. Wákàtí Kóòdù wọn, ẹ̀kọ́ kóòdù tó gba bíi wákàtí kan, bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ọ̀fẹ́ ni.

Olùkọ́ Kóòdù

Kọ́lá, ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ Màmá ti kọjá ibẹ̀. Ìdánwò wọ̀nyẹn ní èsì tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: kí ẹyẹ dé ibi tó ń lọ. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò mọ bí òun ṣe máa yan ibi tí ẹyẹ ń lọ. Tí ẹ bá tún kó ìdánwò fún un, ìṣòro náà á kàn wà níbi tó wà.

Bọ̀dá Ìdòwú, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kò yọ ìrònú kúrò nínú kóòdù, gírámà nìkan ló yọ. Ẹ wo ìrísí wọn dáadáa. Búlọ́ọ̀kù tó ń béèrè ohun tí èsì rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ṣóńṣó lọ́tùn-ún àti lósì. Àyè tó wà lẹ́nu "if" náà ní ṣóńṣó méjì bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń mú nọ́ńbà wá ní etí róbótó. Ọmọ tó bá fẹ́ ki nọ́ńbà máàkì bọ ẹnu "if" á rí i pé kò wọlé, á tún un gbìyànjú, kò wọlé, títí á fi lọ mú búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ ewé tó ń fi nọ́ńbà méjì wéra, kó ki máàkì bọ ìyẹn, kó tó wá ki ìyẹn bọ "if". Ọmọ yẹn ti mọ̀ pé nọ́ńbà kì í ṣe ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń kọ́ Python ló máa ń pẹ́ kí ìyẹn tó yé wọn.

Ìjà yìí kì í sì í ṣe tuntun. Láti 1967 ni Seymour Papert, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon ti ṣe Logo, èdè kóòdù kan, fún àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ ni Logo: ọmọ á tẹ FORWARD 100, ìjàpá á rìn lọ síwájú. Turtle inú Python tí ẹ mẹ́nu bà, ọmọ ìjàpá yẹn ni. Nígbà tí Mitchel Resnick àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé Scratch jáde ní 2007, èrò Papert ni wọ́n gbé dání, wọ́n kàn mú ìdíwọ́ títẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ibi tí ẹ ti sọ òótọ́ ni pé Scratch ní ààlà. Búlọ́ọ̀kù tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní "My Blocks" lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá èsì padà fún búlọ́ọ̀kù mìíràn. Ọmọ tó bá ti ń bú ẹ̀rọ nítorí ìyẹn ti tó ẹni tó ń lọ síbòmíràn. Snap! tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ṣe ìyẹn, búlọ́ọ̀kù náà sì ni.

Ìdòwú Python

Olùkọ́, ẹ ṣé. Fún ọmọ ọdún 9 yìí, mo gbà, kó dúró lórí Scratch. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí á fi dàgbà. Màmá, àmì kan wà tí ẹ lè máa wò. Bí ẹ bá rí i tó ń da àkójọ búlọ́ọ̀kù kan náà kọ sínú sprite yìí, sínú sprite yẹn, tó sì ń ráhùn pé fífà rẹ̀ ń jẹ òun níyà, ẹ fi MakeCode, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń kọ kóòdù, hàn án. Ti micro:bit ni, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí BBC pín fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2016, ṣùgbọ́n ẹ ò nílò pátákó náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà lójú ìkànnì, á sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ó rí ni pé iṣẹ́ kan náà tó fi búlọ́ọ̀kù tò, bó bá tẹ bọ́tìnì kan lókè, á di Python tàbí JavaScript, èdè kóòdù mìíràn tí a ń tẹ̀, níwájú rẹ̀. Á yí nọ́ńbà padà nínú ọ̀rọ̀, á padà sínú búlọ́ọ̀kù, á rí i pé ó ti yí padà níbẹ̀ náà.

Àǹtí Ṣadé

Ti ọmọ ọdún 6 lẹ gbàgbé. ScratchJr, irú Scratch tí wọ́n ṣe fún ọmọ kékeré, ni kí ẹ fún un. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ló dára jù, kò gba ìwé kíkà, àwòrán ló wà lára búlọ́ọ̀kù: ọfà tó kọjú sọ́tùn-ún, ọfà tó ń yípo, àwòrán gbohùngbohùn fún ohùn. Láti ọmọ ọdún 5 sí 7 ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá mọ̀ ọ́n tán, ó ti mọ Scratch nìyẹn, ẹ kàn máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọjá síbẹ̀ ni.

Gbénró

Àǹtí Ṣadé, ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ gbólóhùn ìparí yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ inú ScratchJr kì í ṣí nínú Scratch, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. ScratchJr kò ní variable, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú nọ́ńbà sí, ẹ ò lè fi ka máàkì. Kò ní "if" náà. Láti òsì sí ọ̀tún ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ń tò, ti Scratch ń tò láti òkè wá sílẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin ló pọ̀ jù tí iṣẹ́ kan lè ní.

Mi ò sọ pé kò dára o. Èmi rí i pé ìtàn ló fi ń dùn ju géèmù lọ. Ẹ ní kí ọmọkùnrin yín sọ ìtàn tó fẹ́ràn, ojú ewé kan fún ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn fún ibi tí ìjà ti bẹ́, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Kí ẹranko kìíní sọ̀rọ̀ tán kí èkejì tó dáhùn, ó máa ní láti rán ìránṣẹ́: àpòòwé aláwọ̀ kan ló ń jáde lára ọ̀kan, aláwọ̀ náà ló ń jí èkejì dìde. Ọmọ ọdún 6 máa ń mọ ìyẹn kíákíá, ó sì wà nínú Scratch náà ní orúkọ "broadcast".

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un, torí géèmù ni gbogbo yín ń sọ. Ọmọ mi kẹta kò fẹ́ràn géèmù rárá, àwòrán ló fẹ́. Bọ́tìnì kan wà ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì nínú Scratch tó ń fi àwọn búlọ́ọ̀kù mìíràn kún un, ibẹ̀ ni "Pen" wà, tó ń jẹ́ kí sprite fa ìlà níbi tó bá ń gbà kọjá. Igun mẹ́rin ni a kọ́kọ́ yà: "repeat 4", nínú rẹ̀ "move 100 steps" àti "turn 90 degrees". Kò lé.

Mo wá ní kó ya onígun mẹ́ta. Ó yí 4 di 3, ó yí 90 di 60, torí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ìwé pé 60 ni igun onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ìlà náà kò padà pàdé. Kò gbà, ó ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Mo ní kó dìde, kó rìn ín nílẹ̀ yàrá: kó rìn síwájú, kó yíjú, kó tún rìn. Nígbà tó ń yíjú ló rí i pé òun kì í yí gba inú igun náà, òun ń yí gba ìta rẹ̀ ni. 120 ni. Kò dúró níbẹ̀, ó ya onígun márùn-ún, ó ya mẹ́fà, ó fúnra rẹ̀ mọ̀ pé 360 ni kí òun máa pín. Màmá, ẹ wò ó bóyá ọmọ yín fẹ́ràn nǹkan mìíràn ju géèmù lọ, orin ni o, ìtàn ni o.

Ìyá Tọ́pẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti ṣe ti Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ -20 yẹn pa á lẹ́rìn-ín, ó ní òjò ni ìràwọ̀ ń rọ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà ó gbà láti fi òkúta kún un, fúnra rẹ̀, láìsí fídíò.

Òkúta náà ń já bọ́, ṣùgbọ́n kò yọ máàkì. Mo da ohun tó tò kọ síbí. Àkójọ méjì ni, àsíá ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ti àkọ́kọ́: "forever", inú rẹ̀ ni "change y by -8" wà, pẹ̀lú èyí tó ń gbé e padà sókè bó bá ti dé ìsàlẹ̀. Ti èkejì: "if touching Basket then", inú rẹ̀ ni "change score by -1". Òkúta gba orí apẹ̀rẹ̀ kọjá báyìí, máàkì kò yẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan tó sọ pé nǹkan bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ máa kọrẹ́ lọ́wọ́.

Kọ́lá

Kó fi "if" yẹn sínú "forever", kó lè máa béèrè léraléra láìdúró. Ó tán.

Olùkọ́ Kóòdù

Kọ́lá gbà á, ṣùgbọ́n Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má kà á sí i létí. Eléyìí gan-an ni ohun tí fídíò fi dù ú.

Ẹ ní kó tẹ àsíá, kó má wo òkúta, kó wo àwọn búlọ́ọ̀kù. Àkójọ tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú Scratch máa ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè yí ara rẹ̀ ká. Á rí i pé èyí tó ń mú òkúta já bọ́ ń tàn, kò sì kú. Èyí tó ń béèrè nípa apẹ̀rẹ̀ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á kú. Ẹ bi í pé kí ló dé tí ọ̀kan fi kú tí èkejì kò kú. Ẹ bi í pé ìgbà tí àkójọ kejì béèrè ìbéèrè rẹ̀, níbo ni òkúta wà? Òkè ló wà, kò tíì kan apẹ̀rẹ̀. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, èsì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lọ sinmi. Kọ̀ǹpútà kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ lórí ìbéèrè yẹn bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ó nira láti jókòó ti ọmọ tí nǹkan ń dùn.

Gbénró

Bó bá sì ti rí i, ẹ múra sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀. Bí "if" bá bọ́ sínú "forever", Scratch á máa béèrè rẹ̀ bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní gbogbo àsìkò tí òkúta fi ń gba ara apẹ̀rẹ̀ kọjá, á máa yọ máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan láìdúró. Máàkì á já wálẹ̀ pàà. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni kí n gbé òkúta padà sókè lójú ẹsẹ̀ tó bá ti kan apẹ̀rẹ̀: "go to x y", kí x, ibi tó wà láti òsì sí ọ̀tún, jẹ́ "pick random -220 to 220", kí y jẹ́ 180. Fífẹ̀ ojú ibi tí géèmù ti ń ṣẹlẹ̀ nínú Scratch jẹ́ 480, gíga rẹ̀ jẹ́ 360, àárín gbùngbùn ni 0 wà, ìdí nìyẹn tí òkè pátápátá fi jẹ́ 180.

Kó má sì gbàgbé "set score to 0" lábẹ́ àsíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máàkì àná ló máa fi bẹ̀rẹ̀ géèmù òní.

Bàbá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di pé inú ọmọ dùn tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo ayé: ṣé ó ní akáǹtì lórí Scratch? Àwọn àjòjì lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ iṣẹ́ tó bá pín síta níbẹ̀. Èmi ò jẹ́ kí àwọn tèmi ṣí akáǹtì, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi lo Scratch rárá.

Gbénró

Bàbá Ìbejì, ẹ ò nílò akáǹtì láti lò ó. Áàpù rẹ̀ wà tí ẹ lè gbà sórí kọ̀ǹpútà, kò sì ní lo íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ń lò ó lójú ìkànnì láìwọlé, ẹ lọ sí "File", ẹ yan "Save to your computer", á fún yín ní fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sb3. Ẹ rántí ṣe é kí ẹ tó ti ojú ewé náà pa, torí kò sí ẹni tó máa bá yín tọ́jú rẹ̀.

Fún àwọn tó bá fẹ́ ṣí akáǹtì, kí orúkọ tí ọmọ máa lò má ṣe jẹ́ orúkọ rẹ̀ gangan, kó má sì kọ orúkọ ilé ìwé tàbí ibi tó ń gbé síbẹ̀. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ pọ̀ fún irú ọmọ tí a ń sọ yìí: ó lè ṣí inú iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó wo bó ṣe tò ó, kó sì tún un ṣe ní tirẹ̀. Scratch fúnra rẹ̀ á kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é síbẹ̀.

Àǹtí Ṣadé

Ẹ ṣé fún àtúnṣe lórí ScratchJr, Gbénró. Mo tún ní òmíràn fún àwọn méjèèjì, kò sì gba kọ̀ǹpútà. Kí ẹ̀gbọ́n kọ àṣẹ sórí páálí kéékèèké: rìn ní ìgbésẹ̀ kan, yí sí ọ̀tún, yí sí òsì, mú un. Kó tò wọ́n sílẹ̀ kí àbúrò tó lọ mú bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì yàrá. Àbúrò kò gbọdọ̀ ṣe ju ohun tí páálí sọ lọ, kódà bó bá máa forí sọ àga. Yunifásítì Canterbury ní New Zealand ní ọ̀pọ̀ irú eré báyìí tí wọ́n kó jọ lọ́fẹ̀ẹ́, CS Unplugged ni wọ́n ń pè é.

Ìdòwú Python

Eré yẹn dára fún ọmọ ọdún 6. Ẹ má kàn jẹ́ kó rọ́pò ẹ̀rọ. Àbúrò á máa ṣàánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á yẹ àga sílẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí nínú páálí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá pàdé.

Ìyá Tọ́pẹ́

Ó rí ìmọ́lẹ̀ náà! Ó wò ó, ó tún àsíá tẹ̀, ó tún wò ó, ó wá ní, "Màámi, ó ti sùn kí òkúta tó dé." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú "forever" wá.

Bí Gbénró ṣe sọ gẹ́lẹ́ ni máàkì ṣe já, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ 0. Kò ṣe é bí ti Gbénró o, n ò sì sọ fún un. "wait 1 seconds" ló fi sábẹ́ "change score by -1", ó sì ṣiṣẹ́. Ṣé ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè kan kù tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n bi yín. Apẹ̀rẹ̀ ń ta gìrì. Bó bá tẹ bọ́tìnì ọfà ọ̀tún mọ́lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á sún lẹ́ẹ̀kan, á dúró díẹ̀, kó tó wá máa lọ. "when right arrow key pressed" ló lò, bó ṣe wà nínú fídíò.

Olùkọ́ Kóòdù

Ó tọ̀nà, ma. Àkójọ tó ń yọ máàkì ló ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń mú òkúta já bọ́ kò dúró, torí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó tún béèrè, òkúta ti kọjá lára apẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ní ibi tó kù sí: ẹ ní kó sọ -8 di -1 kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Ìdòwú Python

Ti apẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ló fà á. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé, lẹ́tà kan á jáde, á dúró díẹ̀, kó tó wá máa tú jáde léraléra. Ohun kan náà ni "when right arrow key pressed" ń gbà látọ̀dọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Kó yọ ọ́ kúrò. Lábẹ́ àsíá, nínú sprite apẹ̀rẹ̀, kó fi "if" sínú "forever", kí ó lọ mú "key right arrow pressed?" láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù "Sensing" kó ki bọ ẹnu "if" náà, kí "change x by 10" wà nínú rẹ̀. Fún ọfà òsì, kó fi "if" mìíràn sábẹ́ ti àkọ́kọ́ nínú "forever" kan náà, kó sọ 10 di -10. Bí 10 bá yára jù fún un, kó dín in kù sí 6.